Iyẹ̀pẹ̀ Wọn Ni Kí Ẹ Rà: Àgbéyẹ̀wò Ọgbà Irúgbìn Kan ní Òṣogbo

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí mo ti ń ra ọjà ní ọgbà irúgbìn kan létí títì ní apá Òkè-Fìà, níbi tí bàbá àgbà kan àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì ti ń ta iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti pò, àpò dúdú tí a fi ń gbin nǹkan, ọmọ ata, efinrin, ewúro àti òdòdó oríṣiríṣi. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí pé díẹ̀ nínú ohun tí n ó sọ kò ní dùn mọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń bá wọn polówó. Ilé tí èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Ògo-Olúwa jẹ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì, òkè kejì ni a wà, a kò sì ní ilẹ̀ kankan ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí gbogbo ènìyàn ń pè ní bákónì, èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14, tí ìbú rẹ̀ kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Ẹni tí ó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó sì ti sú u láti máa ra ewédú tí ó ti rọ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ni mo ń kọ èyí fún.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé n ó ra gbogbo ohun tí mo nílò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ra àpò dúdú oní-lítà 20 mẹ́jọ ní ₦1,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, iyẹ̀pẹ̀ àpò mẹ́jọ ní ₦3,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ ata rodo mẹ́rin ní ₦300 ọ̀kọ̀ọ̀kan, efinrin méjì àti ewúro kan ní ₦500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti hóró irúgbìn òkè òkun ọ̀rá mẹ́ta ní ₦1,200 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦46,300, mo sì tún san ₦2,000 fún kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí ó kó wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé iyẹ̀pẹ̀ nìkan gba ₦28,000 nínú owó náà. Nígbà tí èmi náà ṣírò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, inú bí mi sí ara mi, ọkọ mi sì bi mí léèrè bóyá iyẹ̀pẹ̀ ti tán nílẹ̀ Òṣogbo ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹrù tí kẹ̀kẹ́ náà kó wá, iyẹ̀pẹ̀ yẹn gan-an ni n kò kábàámọ̀ rẹ̀ rí.

Mo ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan kí n tó mọ ibẹ̀. Mo ní kí ọmọ kan bá mi wa erùpẹ̀ pupa nídìí ilé tí wọ́n ń kọ́ nítòsí wa, mo dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, mo sì fọ́n hóró tẹ̀tẹ̀ sí i. Kò pé oṣù kan tí erùpẹ̀ náà fi le bíi búlọ́ọ̀kù. Bí mo bá bomi rin ín, omi yóò gba ẹ̀gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì sọ̀ kalẹ̀, àárín yóò sì gbẹ táútáú. Nínú oko, ekòló àti gbòǹgbò ni ó ń la ọ̀nà fún omi àti afẹ́fẹ́ nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ike, kò sí ekòló, omi tí a ń dà sí i lójoojúmọ́ sì ń tẹ erùpẹ̀ náà mọ́lẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi erùpẹ̀ lásán gbin nǹkan sínú ike, bí ó ti wù kí ó dúdú tó.

Bàbá náà kì í fi bí ó ṣe ń po tirẹ̀ pa mọ́, èyí sì wà lára ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀. Bí ó bá bu ilẹ̀dú bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, yóò bu ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà fún oṣù méjì bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, yóò sì da yanrìn odò àti èèpo ìrẹsì pọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Èèpo ìrẹsì ni ó ń jẹ́ kí ó fúyẹ́, yanrìn ni ó ń jẹ́ kí omi rí ọ̀nà jáde, ìgbẹ́ adìẹ sì ni oúnjẹ. Oṣù méjì yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń gbóná bí ó bá ń jẹrà, agbára inú rẹ̀ a sì máa jó gbòǹgbò ọmọ irúgbìn kí ó tó fìdí múlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iyẹ̀pẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ń tà fún yín ti tó lò, ẹ ti ọwọ́ bọ àárín àpò. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí òórùn ilé adìẹ sì gbá yín nímú, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Èyí tí ó ti jinná máa ń tutù, òórùn rẹ̀ a sì máa dà bí ti igbó lẹ́yìn òjò. Ẹ bu díẹ̀, kí ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó yẹ kí ó dì, kí ó sì tú nígbà tí ẹ bá fi ìka kan tọ́ ọ.

Mo rí àwọn mìíràn lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán tí wọ́n ń ta tiwọn ní ₦2,500, mo sì ra àpò kan láti fi wé ti bàbá. Lẹ́búlẹ́bú igi tútù láti ilé ìlagi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí lẹ́búlẹ́bú igi bá ń jẹrà, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ń jẹ ẹ́ máa ń gba náítírójìn inú iyẹ̀pẹ̀ lò fún ara wọn, ẹ̀fọ́ a sì wà láìjẹun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo gbin ṣọkọ sí i, ewé rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́njú ń ṣe, nígbà tí èyí tí ó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dúdú minimini.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé iyẹ̀pẹ̀ náà kò lábùkù. Nínú àpò mẹ́jọ àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀kan ní èpò kan tí ó ní kókó lábẹ́ ilẹ̀ bí ọ̀fio, mo sì fà á tu títí ó fi sú mi. Nígbẹ̀yìn, mo da gbogbo àpò náà sórí ọ̀rá ní bákónì, mo fi ọwọ́ ṣa kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpò wọn kì í sì í kún dọ́gba: bí ẹ bá dé ibẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí bàbá fúnra rẹ̀ ń bu ú, ẹ ó rí àpò tí ẹnu rẹ̀ ṣòro láti dì, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀sán tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń bu ú, ìwọ̀n ìka mẹ́rin yóò ti dín. Iyẹ̀pẹ̀ náà yóò tún wọlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí pé ìgbẹ́ àti èèpo inú rẹ̀ ń jẹrà lọ. Kò sí ìdí láti ra òmíràn nígbà náà. Èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo ìsu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé gbígbẹ tí mo kó jọ sínú kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí, tí mo sì jẹ́ kí ó jẹrà dáadáa, ni mo fi ń kún un, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ìgbẹ́ adìẹ kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Iyẹ̀pẹ̀ ọdún 2024 ṣì wà nínú ike mi títí di òní.

Àpò dúdú náà ni n kò lè fi gbogbo ẹnu yìn. Aṣọ tí ó nípọn, tí ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ni wọ́n fi rán an, nítorí náà omi kì í dá dúró sí ìdí rẹ̀, gbòǹgbò kì í sì í rà nínú òjò oṣù kẹfà àti oṣù keje. Nígbà òjò, n kò rí èyí tí ó tó o. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ dé ní oṣù kejìlá, oore yẹn di àléébù, nítorí pé atẹ́gùn gbígbẹ ń fa omi jáde ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì ní láti máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. A lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ìlọrin ní ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí a fi máa dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tẹ̀tẹ̀ inú àpò mẹ́ta ti dojú délẹ̀. Ata tí ó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà àtijọ́ yẹn, èyí tí mo ti lu ihò márùn-ún sí nídìí, tí mo gbé ka òkúta, tí mo sì da iyẹ̀pẹ̀ bàbá sí, kò tilẹ̀ mọ̀ pé a jáde nílé. Ẹ lè rí irú bọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń kun ilé, kò sì ní tó iye tí wọ́n ń ta àpò dúdú kan. Ní ti àpò ìrẹsì, ó wúlò fún ìgbà kan péré. Oòrùn máa ń jẹ òwú rẹ̀ títí yóò fi máa ya bí bébà.

Ọ̀rọ̀ omi tí ń jò lára àpò náà tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, Àlùhájà tí wọ́n ń gbé ìsàlẹ̀ wa sá léèsì funfun sórí okùn, èmi sì ń bomi rin oko mi lókè láìbojú wo ìsàlẹ̀. Omi tí ó jáde lára àpò náà ní àwọ̀ omi ìgbẹ́ adìẹ, nítorí pé òun náà ni. Wọn kò bú mi. Wọ́n gun òkè wá, wọ́n kí mi, wọ́n ní, “Ìyàwó, oko rẹ mà ti ń ṣàn dé ọ̀dọ̀ wa o.” Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo gba léèsì náà, mo sì fọ̀ ọ́ fúnra mi títí ó fi mọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo ra àwo ike pẹrẹsẹ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọjà, ohun tí ọgbà náà ì bá ti máa tà pọ̀ mọ́ àpò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá lo àwo bẹ́ẹ̀ ní láti máa da omi inú rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nítorí pé láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10, ẹyin tí ẹ̀fọn yé sínú omi tí ó dá dúró ti lè di ẹ̀fọn tí ń fò.

Ìwọ̀n ẹrù náà kò ṣeé fojú fò pẹ̀lú. Àpò oní-lítà 20 tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ti mu omi yó lè wúwo tó kílò 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; mẹ́jọ rẹ̀ ti di kílò 200, bí ẹni pé àgbàlagbà mẹ́ta dúró sí bákónì yín tọ̀sán-tòru. Mo kọ́kọ́ sọ fún onílé, mo sì tò wọ́n sí ẹ̀bá ògiri ilé. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá wa gbé wọn gòkè fẹ́ tò wọ́n sí eteetí níbi irin, kí àwọn ará ìta lè máa rí i. Ó sì ti fa ọwọ́ àpò méjì já kí ó tó dé òkè.

Ní ti hóró inú ọ̀rá, ẹ má rà á. Ọ̀kan jẹ́ lẹ́tùúsì, ọ̀kan jẹ́ kóríándà, ọ̀kan jẹ́ tòmátì ńlá kan tí àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rá wu ojú púpọ̀. Lẹ́tùúsì àti kóríándà jẹ́ irúgbìn ibi tútù. Bí ooru bá mú wọn, kíá ni wọn yóò nà sókè, wọn yóò yọ òdòdó, ewé wọn yóò sì korò. Tòmátì náà yọ òdòdó títí, òdòdó sì ń rẹ̀ dànù, nítorí pé alẹ́ wa kì í tutù tó èyí tí ó mọ́ ọn lára. Èso mẹ́ta ni mo ká lára rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹrà nídìí.

Ọjà Ọba ni ó yẹ kí ẹ ti ra hóró. Ìyá kan ni mo rà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, agolo kékeré ni wọ́n fi wọn ewédú fún mi, ₦300 rẹ̀ sì tó ike mẹ́rin, ó tún ṣẹ́kù. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ bí a ṣe ń gbìn ín. Mo ní ṣebí a kàn ń fọ́n ọn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Kò ní hù fún ẹ o. Dì í sínú aṣọ, kí o kì í bọ omi tó ń hó, ka ení dé ẹẹ́wàá, kí o yọ ọ́ sínú omi tútù.” Èèpo hóró ewédú le púpọ̀, omi kì í sì í ráyè wọ inú rẹ̀ bọ̀rọ̀, omi gbígbóná yẹn ni ó ń ṣí i. Kí n lè fi ojú ara mi rí i, mo fọ́n ìdajì bẹ́ẹ̀, mo sì ki ìdajì bọ omi. Ní ọjọ́ kẹfà, èyí tí mo kì bọ omi ti hù bo ike, mo sì ka ti èkejì, ó jẹ́ mẹ́sàn-án. Bàbá ọlọ́gbà gba ₦46,300 lọ́wọ́ mi láìsọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá yìí sì fi kún ewédú ₦300.

Tẹ̀tẹ̀ tí mo rà lọ́dọ̀ ìyá náà tó jẹ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. N kò fà á tu. Mo gé e ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sókè ilẹ̀, ó sì tún yọ ẹ̀ka, mo gé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so hóró. Ẹni tí ó bá fẹ́ irúgbìn tí a ti ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀fọ́ àti èso, NIHORT, wà ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn láti ọdún 1975. Pẹ̀lú bí Ìbàdàn ṣe sún mọ́ wa tó, n kò mọ ohun tí ó mú kí bàbá máa kó lẹ́tùúsì òkè òkun wá fún ará Òṣogbo.

Ọmọ ata rẹ̀ dára. Nínú mẹ́rin, mẹ́ta yè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í so ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo lọ́ wọn sínú ike. Àwọn tí mo kọ́kọ́ kó ìgbẹ́ púpọ̀ fún kàn ń yọ ewé ṣáá ni, títí mo fi dáwọ́ rẹ̀ dúró. Efinrin ni ó yẹ kí gbogbo ènìyàn rà: méjì tó fún ilé kan, kì í béèrè wàhálà, bí a bá sì ṣe ń já a ni ó ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ewúro ₦500 yẹn, ojú tì mí láti kọ ọ́ síbí. Igi ewúro tí a bá gé ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, tí a tì bọ iyẹ̀pẹ̀ tútù, yóò hù, kò sì sí àdúgbò kan ní Òṣogbo tí ènìyàn yóò ti kí ará ilé kejì dáadáa tí wọn kò ní gé igi ewúro fún un.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú iṣẹ́ wọn ni pé kò sí ẹni tí ó bi mí ibi tí bákónì mi kọjú sí. Gúúsù ni tiwa kọjú sí. Láti àárín oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán níhìn-ín máa ń gba apá àríwá kọjá lórí wa, nítorí náà ẹ̀yìn òrùlé ni ó ń wà sí wa ní gbogbo ìgbà òjò, ata mi sì wà nínú òjìji ní oṣù tí ó yẹ kí ó máa gbèrú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó yí padà, oòrùn ń wọ bákónì wa láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá ti mọ èyí ní oṣù kẹta, gbúre, amúnútutù àti efinrin tí ó lè fara da òjìji díẹ̀ ni ǹ bá kọ́kọ́ gbìn, ǹ bá sì fi ata sílẹ̀ di oṣù kẹsàn-án. Ẹni tí bákónì rẹ̀ bá kọjú sí àríwá ni kí ó ṣe òdìkejì rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn ni orí rẹ̀ dára jù, nítorí pé oòrùn àárọ̀ kì í le, ó sì ń dé ibẹ̀ yípo ọdún.

Mo béèrè ohun kan lọ́wọ́ bàbá nígbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, kì í ṣe pé mo fẹ́ jẹ ẹ́. Mo ní, “Bàbá, ẹ ò ní èlú ni?” Wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n ní, “Ta ni yóò rà á, ọmọ mi?” Òṣogbo ìlú aró, òdòdó òkè òkun wà ní ìlà mẹ́fà ní ọgbà yẹn, kò sì sí ẹsẹ̀ èlú tí a fi ń ṣe aró kan ṣoṣo. Mo ṣèlérí fún wọn lọ́jọ́ yẹn pé bí wọ́n bá rí i gbìn, èmi ni oníbàárà àkọ́kọ́.

Wọ́n máa ń ṣí láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, wọ́n ń gba owó láti báńkì sí báńkì, wọn kò ní ẹ̀rọ POS. Iyẹ̀pẹ̀ ti di ₦4,000 báyìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú àpò ìrẹsì tiyín dání lọ kí wọ́n bu ú sí, ₦3,700 ni wọn yóò gbà, kí ẹ sì dé ibẹ̀ kí ó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí bàbá ṣì ń bu ú fúnra wọn.